Iná Ti Tàn, Ọjà Ti Dáa

Iná ara bọ́ọ̀dù náà tàn. Ìyẹn gan-an ni ó fa gbogbo wàhálà ọjọ́ Ẹtì náà. Ká ní kò tàn ni, ẹnikẹ́ni tí ó lójú ì bá ti mọ ibi tí àìsàn wà kí oúnjẹ àárọ̀ tó tán lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ó tàn: iná pupa kan báyìí, tí kò ju orí ìṣáná lọ, tí ó ń wo Ọmọ́ṣaléwá láti orí tábìlì ìjẹun bí ẹni tí kò ṣẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n so ó mọ́ ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò dún, kò kọ nǹkan kan sójú, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ṣaléwá ni wọ́n ń pè é nílé. Òun ni àkọ́bí, ó wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn ní yunifásítì, ó sì ń kọ́ nípa iná mànàmáná àti ẹ̀rọ. Bọ́ọ̀dù yìí, tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ni ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Tòkunbọ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ni ó fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Kò sí irú rẹ̀ ní ọjà tí ó súnmọ́ wọn. Ẹ̀rọ náà ń ṣọ́ tánkì omi. Bí omi bá ti kún, yóò pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, kí omi má baà máa ṣòfò sí àgbàlá bí ó ti ń ṣe nínú ilé tiwọn ní Festac, tí gbogbo alájọgbé máa ń pariwo "ẹ pa pọ́ǹpù o" láti ojú fèrèsé.

Lánàá, nígbà tí olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò, pọ́ǹpù kò kú títí omi fi dà sí bàtà olùkọ́. Àṣìṣe kan ṣoṣo ni ó wà nínú ìlànà tí Ṣaléwá kọ fún bọ́ọ̀dù. Ó ti tún un kọ ní kùtùkùtù. Ohun tí ó kù ni kí kọ̀ǹpútà gbé àtúnkọ náà sínú bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ tí kò tó ìṣẹ́jú kan. Aago kan ọ̀sán ni yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́. Ẹni tí kò bá yọjú, tàbí tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ó di ọdún tí ń bọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò lọ ṣe àgùnbánirọ̀, òun yóò sì jókòó sílé máa kí wọn kú oríire.

"Mọ́mì, kò tíì dá a mọ̀ o," ni ó wí. Aago mẹ́sàn-án ti lù.

Ẹ̀bùnlọlá, ìyá rẹ̀, wà ní ilé ìdáná, ó ń da ẹyin sínú òróró gbígbóná. "Pa á, kí o tún un tàn."

"Mo ti pa á lẹ́ẹ̀mẹta, mà."

"Ó lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ìkẹ́, àbí ìwọ lo fi géèmù sí i?"

"Èmi kọ́ o," ni Ìkẹ́ dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ìsinmi ilé-ìwé ni ó sì mú un jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, tí ó ń wo iná pupa náà.

Ọláníran, baba wọn, wà ní orí àga rẹ̀, ó ń jẹ iṣu. Ọkùnrin tí kì í kánjú ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mazamaza, níbi tí ó ti ń ta gílóòbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣájà fóònù àti oríṣiríṣi wáyà, kò sì sí àárọ̀ tí ó ń jáde kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó gbé iṣu mì kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Iná rẹ̀ tàn àbí kò tàn?"

"Ó tàn, sà."

"Iná ti tàn, ọjà ti dáa. Fi sùúrù wò ó. Kọ̀ǹpútà yẹn ló ń ṣagídí."

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Bí oníbàárà bá fẹ́ ra gílóòbù, Ọláníran yóò fi í sí ojú iná lójú rẹ̀, yóò tàn, yóò yọ ọ́, yóò dì í, yóò sì ní, "Iná ti tàn, ọjà ti dáa." Bí oníbàárà bá sì ti rékọjá gọ́tà tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi irú ìdánwò yìí kọ́ àwọn oníṣòwò Èkó, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó ra ọjà tirẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣaléwá yọ wáyà kúrò ní ojú ihò kan lára kọ̀ǹpútà, ó kì í bọ ihò kejì. Kò dún. Ó mú sídíì tí ó bá bọ́ọ̀dù wá, ó tún fi ohun tí ó yẹ kí kọ̀ǹpútà fi mọ̀ ọ́n sínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gba ogójì ìṣẹ́jú. Kò dún. Bátìrì kọ̀ǹpútà ń lọ sílẹ̀, kò sì tíì sí iná láti ọjọ́rú, ni ó bá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó wà ní báńkónì. Ìjà kékeré kan tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Epo inú rẹ̀ ni mo fi pamọ́ de ẹran tó wà nínú fíríìjì," ni Ẹ̀bùnlọlá wí.

"Ẹran ò ní di dókítà," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

"Òun náà ò fẹ́ di dókítà, ẹ̀rọ ló ń kọ́. Bàbá Ṣaléwá, ẹ̀yin náà tilẹ̀ mọ ohun tí ọmọ yìí ń kọ́ ṣá?"

Ọláníran dìde, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀, ariwo sì bo ọ̀rọ̀ tí ó kù.

Àárín ariwo náà ni Ẹ̀bùnlọlá ti ilé ìdáná dé pẹ̀lú ìgò kékeré tí ó máa ń wà lórí fíríìjì. Díákónẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ wọn, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ tí ó bá ta kókó sílẹ̀ láìfi òróró kàn án. Kí Ṣaléwá tó gbé ojú sókè, ìyá rẹ̀ ti fi àtàǹpàkò kan bọ́ọ̀dù, ó ti kan kọ̀ǹpútà, ó sì ti ń gbàdúrà pé gbogbo ojú tí kò fẹ́ kí ọmọ òun dé ibi gíga, kí ó yí padà lónìí.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mà. Ojú irin rẹ̀ nìyẹn."

"Àmín ni wọ́n ń ṣe."

"Àmín, mà. Ṣùgbọ́n òróró ò gbọdọ̀ débẹ̀."

Ọláníran wo òróró tí ó ń dán lára bọ́ọ̀dù. "Ìyá Ṣaléwá, ohun tó ṣì lè ṣiṣẹ́, ìwọ lo fẹ́ sọ ọ́ di àkàrà."

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́? Láti aago mẹ́sàn-án ni kò ti gbọ́ràn. Jẹnẹrétọ̀ yín tó ń fò sókè fò sílẹ̀ yìí, ta ló mọ ohun tó ti ṣe sí i?"

"A ò tíì tan jẹnẹrétọ̀ ní aago mẹ́sàn-án," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn.

Ẹ̀bùnlọlá gbé ìgò rẹ̀ padà sórí fíríìjì. Ó wọlé lọ mú òwú àti sípíríìtì wá, ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu òróró náà kúrò díẹ̀díẹ̀, ìyá ń nu kọ̀ǹpútà, ọmọ ń nu bọ́ọ̀dù. Ìyá nù ún dáadáa. Ọwọ́ tí ó fi nù ún rọ̀ ju èyí tí ó fi ta òróró sí i lọ. Nígbà tí wọ́n so ó padà, iná pupa tàn bí ti tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò sọ̀rọ̀.

Ṣaléwá wá ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ti ṣe láti àárọ̀. Ó mú fílááṣì tí ó ń kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí, ó kì í bọ ihò kan náà. Kọ̀ǹpútà dún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ihò, nǹkan kan kò sì ṣe kọ̀ǹpútà. Ohun méjì péré ni ó kù, bọ́ọ̀dù tàbí wáyà.

Ojú rẹ̀ bọ́ sára wáyà.

Wáyà tuntun ni. Èyí tí ó bá bọ́ọ̀dù wá láti òkè òkun, ẹnì kan ti gbé e lọ lánàá ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé. Nígbà tí ó délé tí ó ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀, Ọláníran kò bá a wí. Ó na ọwọ́ sínú páálí ńlá tí ó wà lẹ́yìn àga rẹ̀, ó mú wáyà kan jáde nínú ọ̀rá rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń so fóònù àti kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì nà án sí i. "Gbà. Ojúlówó nìyẹn." Sítíkà aláwọ̀ wúrà wà lára ọ̀rá náà, wọ́n kọ ORIGINAL sí i gàdàgbà. Inú Ṣaléwá dùn, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

"Kí lo ń wò níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mò ń rò ó pé bóyá wáyà yìí ni..."

"Wáyà wo? Èyí tí Dádì rẹ fún ẹ?" Ẹ̀bùnlọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, ọmọ mi. Wá nǹkan mìíràn fura sí."

Ọláníran dá jíjẹ dúró. Kò bínú. Ó kàn wo ọmọ rẹ̀ ni. "Kí ló ṣe wáyà náà?"

"Kò ṣe nǹkan kan, sà."

"Iná tàn níbẹ̀ àbí kò tàn?"

"Ó tàn, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọmọ tí ó lè dìde nínú kíláàsì kí ó sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ìṣirò tí ó kọ sójú pátákó kò tọ̀nà, kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ lórí iṣu pé kí wọ́n yẹ wáyà kan wò. Ẹ̀kọ́ ilé ni a ń pè é, ó sì dára. Mo kàn ń bínú sí ohun tí àwọn àgbà ń fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ṣaléwá kó bọ́ọ̀dù, wáyà àti fílááṣì tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sí kafé Bọ̀dá Yísà lọ gbìyànjú rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, Àǹtí Nùsírátù jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Òun ni ìyá Yísà. Ìdílé rẹ̀ ti wà ní Àmúwò, ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Festac sí, kí ìjọba tó wá fi ilé kún inú igbó ibẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òkè àtẹ̀gùn tí kò tètè mọ̀ ní ìsàlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Mo gbọ́ ariwo yín. Kò tíì gbọ́ràn?"

"Kò tíì gbọ́, mà. Iná rẹ̀ ṣáà ń tàn."

Àǹtí Nùsírátù mú òkúta kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú sẹ́yìn. "Bí gílóòbù tí mo rà lọ́wọ́ bàbá rẹ lọ́jọ́sí náà ló rí. Ó tàn rekete lójú mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kẹta ló kú. Mo tún lọ ra òmíràn, ìyẹn gba ọjọ́ márùn-ún."

Ṣaléwá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ẹ ò dá a padà fún wọn, mà?"

"Kí n lọ bá aládùúgbò mi jà nítorí gílóòbù? Àwa tí a jọ ń pín omi?" Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Máa lọ, ọmọ mi. Aago ń lọ."

Yísà kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà nínú kafé rẹ̀, ó sì máa ń ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tù fún àwọn tí ó ń gba fọ́ọ̀mù. Ó gbọ́ àlàyé Ṣaléwá láìdá a lẹ́nu dúró, ó sì so bọ́ọ̀dù náà mọ́ kọ̀ǹpútà tí ó dára jù fúnra rẹ̀. Iná pupa tàn. Wọ́n dúró. Ó gbé e lọ sí òmíràn. Iná pupa tàn. Wọ́n tún dúró.

"Ṣaléwá," ni Yísà wí, "kọ̀ǹpútà mẹ́ta ti sọ nǹkan kan náà báyìí. Mi ò fẹ́ bà ọ́ lọ́kàn jẹ́, àmọ́ ó dà bíi pé bọ́ọ̀dù yìí ti jóná."

Ṣaléwá jókòó. Ọdún márùn-ún ni ó fi wọ ọkọ̀ ní Mile 2 ní gbogbo àárọ̀, nínú òjò àti nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Ó rí ara rẹ̀ nílé lọ́dún tí ń bọ̀, ní ẹ̀yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń fi gílóòbù sójú iná fún oníbàárà. Kò sọkún. Ó kàn di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ni.

Yísà tẹ̀ síwájú láti tú bọ́ọ̀dù náà. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun. "Wáyà yìí ńkọ́? Níbo lo ti rà á?"

"Mi ò rà á. Ṣọ́ọ̀bù Dádì ni."

Yísà tú wáyà náà kúrò. Ó fi ìka méjì tẹ wáyà náà láti òpin kan dé èkejì, ó sì rí i bí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ó wo Ṣaléwá, ó wo ilẹ̀. Òun náà ti bá Ọláníran ra ọjà rí, ó sì máa ń kí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ó rìn lọ sí ibi tí ó ti ń ya fọ́tò, ó tú wáyà tí ó so mọ́ kámẹ́rà rẹ̀, ó padà wá, ó sì fi í so bọ́ọ̀dù náà mọ́ kọ̀ǹpútà.

Kọ̀ǹpútà dún.

Àwọn méjèèjì kò wo ojú ara wọn. Orúkọ bọ́ọ̀dù náà jáde sójú kọ̀ǹpútà kedere. Ṣaléwá kì fílááṣì bọ̀ ọ́, ó gbé àtúnkọ rẹ̀ sínú bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ tí ó ti ń lé láti aago mẹ́sàn-án sì parí kí ènìyàn tó ka àádọ́ta. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Mú wáyà kámẹ́rà yẹn lọ, bóyá wọ́n á ní kí o tún nǹkan kan kọ níbẹ̀," ni Yísà wí. "Tí o bá dé, dá a padà." Ó ká wáyà kejì dáadáa, ó dá a padà sínú ọ̀rá onísítíkà wúrà, ó sì nà án sí i bí ẹni tí ó ń dá ohun ìní ẹlòmíràn padà.

Ọ̀kadà ni ó gbé e dé Mile 2, ó sì bá ọkọ̀ tí ó fẹ́ kún. Ní ilé-ìwé, òun ni ó wọlé kẹ́yìn sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé bàtà rẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó gbà á láyè láti tan pọ́ǹpù. Omi gòkè nínú tánkì kékeré tí wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò, ó dé ojú ìlà, pọ́ǹpù sì kú fúnra rẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́fà, ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Èyí tí kò lè dáhùn ni èyí tí wọ́n bi í nígbà tí ó ń kó ẹrù rẹ̀.

"Kí ló mú ẹ pẹ́?"

"Wáyà ni, sà. Kọ̀ǹpútà ò dá bọ́ọ̀dù mọ̀."

"Wáyà ni a sì kọ́ yín láti kọ́kọ́ máa yẹ̀ wò. Kí ló dé tí o ò yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ṣaléwá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ni ó wí.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ó délé. Ó ti fi fóònù sọ fún wọn pé òun ti yege, nítorí náà ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ ni ó bá lórí tábìlì, Ẹ̀bùnlọlá sì ti jó yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀mejì. Ọláníran ti ti ṣọ́ọ̀bù kí àkókò tó tó. Ó bu itan adìyẹ sí àwo ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun tí kì í ṣe rí.

"Onímọ̀ ẹ̀rọ wa," ni ó wí. "Kí ni ó wá ṣe ẹ̀rọ náà gan-an?"

"Òróró náà ṣiṣẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́."

Ṣaléwá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. Ó mú ọ̀rá onísítíkà wúrà náà jáde nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì, ní ẹ̀gbẹ́ ọbẹ̀.

"Wáyà ni, sà."

"Wáyà tí iná ń tàn lára rẹ̀?"

Kò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi la awọ wáyà náà gùn, ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i. Wáyà pupa kan, dúdú kan, tínrín bí irun. Kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀.

"Mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀, sà," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì gbọ̀n. "Méjì ń gbé iná. Méjì ń gbé ọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣe é ò fi èyí tó ń gbé ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi ń tàn tí kọ̀ǹpútà ò fi gbọ́ nǹkan kan."

Ọláníran fi ìka kan tẹ wáyà pupa, lẹ́yìn náà dúdú. "Ojúlówó ni ẹni tó tà á fún mi pè é," ni ó wí.

Ìkẹ́ ti mú ọ̀rá náà, ó ń yí i wò. "Rárá, Dádì," ni ó wí, inú rẹ̀ dùn pé òun náà mọ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. "Èmi ni mo lẹ sítíkà eléyìí. Ẹ wò ó, ó wọ́. Ẹ rántí pé ẹ bá mi wí ní Sátidé, ẹ ní kí n máa lẹ̀ ẹ́ kó gún."

Ìdì irú sítíkà bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, lórí tábìlì kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, níbi tí ó ti máa ń wà. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn àdúrà ẹbí, Ọláníran yóò gbé páálí kan wọlé, gbogbo wọn yóò sì jókòó yí tábìlì ká. Ẹ̀bùnlọlá yóò máa ki ọjà bọ inú ọ̀rá, Ṣaléwá yóò máa gé sítíkà, Ìkẹ́ yóò máa lẹ̀ ẹ́. Wọn a máa kọrin sí i. Bí wọ́n bá parí, Ẹ̀bùnlọlá yóò mú ìgò orí fíríìjì, yóò fi òróró kan páálí náà kí ọjà lè tà. Ọdún kẹrin nìyí. Wúrà tí ó fi Ṣaléwá lọ́kàn balẹ̀ ní alẹ́ àná, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi sísọ́ọ̀sì gé e.

Ẹ̀bùnlọlá fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹní da eérú," ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì parí òwe náà.

"Gbogbo ọjà ló ń ṣe é," ni Ọláníran wí. Kò pariwo. "Bí mi ò bá lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ mi? Ta ni ẹ rò pé ó ń rán yín níléèwé?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Ṣaléwá dáhùn, òótọ́ ni ó sì sọ. Ìyẹn gan-an ni ó dùn ún jù. Itan adìyẹ náà wà níwájú rẹ̀, kò lè fọwọ́ kàn án.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bíọ́dún ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gbé ní fúláàtì tí ó kọjú sí tiwọn, tí ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó gbé kámẹ́rà kékeré kan kọ́rùn.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Ṣaléwá, mo gbọ́ o, kú oríire." Ó yípadà sí Ọláníran. "Bàbá Ṣaléwá, ẹ bá mi mú ọ̀kan nínú wáyà onísítíkà wúrà yẹn. Fọ́tò ọmọ ni mo fẹ́ kó sínú kọ̀ǹpútà, kí n fi ránṣẹ́ sí Màmá. Wọn ò tíì rí ojú rẹ̀."

Ọwọ́ Ọláníran ti dé inú páálí kí Bíọ́dún tó sọ̀rọ̀ tán. Ọwọ́ tí ó ti mọ ọ̀nà ni. Ó mú ọ̀kan jáde. Ó gbé e dání. Ìkẹ́ la ẹnu, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú lábẹ́ tábìlì. Ṣaléwá ń wo àwo rẹ̀, kò gbé ojú sókè.

"Ó ti tán," ni Ọláníran wí.

Bíọ́dún wo èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo páálí tí ó kún dé ẹnu. "Eléyìí ńkọ́, sà?"

"Kì í ṣe èyí tí o ń wá." Ó dá a padà sínú páálí. "Iná nìkan ni eléyìí mọ̀ ọ́n tàn. Lọ bá Yísà, yóò bá ọ kó o sínú kọ̀ǹpútà."

Bíọ́dún dúpẹ́, ó sì lọ. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ohùn Àǹtí Nùsírátù tí ó ń bi í pé ṣé ó rí i rà. Wọn kò gbọ́ ohun tí ó fi dáhùn.

Ẹ̀bùnlọlá tún ìrẹsì bù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àwo tí ó ṣófo. Ọ̀rá adìyẹ ti dì sí ojú ọbẹ̀.

"Dádì," ni Ìkẹ́ wí, "ṣé a ò ní lẹ sítíkà lọ́la?"

Ọláníran dìde. Ó mú ìdì sítíkà náà ní ẹ̀gbẹ́ iyọ̀, ó yí i po lọ́wọ́, ó sì rìn dé ibi tí garawa ìdọ̀tí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó ṣí ọmọrí rẹ̀, ó sì tún dé e. Kò jù ú nù. Ó padà wá, ó nà ró, ó sì gbé e sí orí kọ́bọ́ọ̀dù gíga, níbi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó ibẹ̀.

Ọwọ́ tirẹ̀ tó ibẹ̀.